Ìwádìí Ṣáájú Ọ̀rọ̀: Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti Ìmọ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Ìgbómìnà)

  

Ní ìlú Ẹ̀sìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn ère òkúta kan wà tí iye wọn lé ní 800. Láti ọdún 1933 ni òkìkí wọn ti kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta, ní ọdún 1945 sì ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mùsùlùmí kì í bọ ère, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò sì dá lé ère. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ mú. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì sọ àwọn tí ó gbẹ́ òkúta wọ̀nyí. Nítorí pé ìmọ̀ kò sí, ìtàn jókòó sí àyè ìmọ̀: wọ́n ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, pé àlejò ni wọ́n, àti pé ṣe ni wọ́n di òkúta. Ibi tí ìmọ̀ bá parí sí, ibẹ̀ ni àròsọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rí láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní. Wọ́n ń lò ó láti òwúrọ̀ títí di òru, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ lọ. Èrò mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Èkínní ni pé òfuurufú ni íntánẹ́ẹ̀tì wà, kò sì sí ohun tí ó lè dí i lọ́nà. Èkejì ni pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti gbé jáde, òdodo ni, nítorí pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò sí fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe òyìnbó àti àwọn ọmọ Yahoo. Ọlọ́hun, nínú Suuratul-Hujuraat, pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n wádìí ìròyìn kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí. Nǹkan méjì tí ó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Ramadan ọdún 1445, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024, tó láti fi wádìí àwọn èrò wọ̀nyí.

OKÙN TÍ Ó JÁ NÍ ABẸ́ ÒKUN

Ní ọjọ́ kẹrin Ramadan náà, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì ṣàdédé falẹ̀ ní Nàìjíríà. Níbòmíràn, kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Iṣẹ́ àwọn báńkì kan dúró. Ọmọ tí ó bá fẹ́ fi owó ìṣínu ránṣẹ́ láti Èkó sí ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán lè tẹ fóònù títí kí ó sú u. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àròsọ máa ń pọ̀ bí òjò. Ẹnìkan a ní ìjọba ni ó tì í pa, nítorí ó rántí pé ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ẹlòmíràn a ní àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ni ó ń jẹ dátà àwọn ènìyàn. Ẹ̀kẹta a ní àmì òpin ayé ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an yàtọ̀ sí èyí. Okùn ńlá mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá ni ó bàjẹ́ nítòsí ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni SAT-3, WACS, ACE àti MainOne. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ tọ́ka sí i pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó ṣí nípò tí ó sì já okùn náà. Nàìjíríà nìkan kọ́ ni ó kàn; Gánà, Benin, Làìbéríà àti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fara gbá a. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dìídì kàn fún irú iṣẹ́ yìí ni ó ní láti lọ síbi tí okùn ti já, kí ó fà á jáde láti inú ibú, kí ó so ó, kí ó sì dá a padà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni.

Èyí fi hàn pé òfuurufú kọ́ ni ilé íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, láti inú fóònù dé orí òpó tí ó dúró ní Òmù-Àrán tàbí ní Ẹ̀sìẹ́, afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Láti orí òpó yìí, ó lè fò láti òpó kan sí òmíràn, ó sì lè wọ inú okùn gíláàsì tí wọ́n rì sí ẹ̀bá títì. Okùn gíláàsì yìí tínrín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ sì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe dé Èkó, níbi tí àwọn okùn abẹ́ òkun ti gòkè. Bí ohun tí ẹni náà ń wá bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan ní Yúróòpù, okùn abẹ́ òkun ni yóò gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ, òun náà ni yóò sì gbé èsì bọ̀. Ẹni tí ó wà ní Òmù-Àrán lè kọ ìwé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ọ̀kadà kò ní pẹ́ dé, kí ìwé náà sì kọ́kọ́ dé òkè òkun kí ó tó padà wá bá a, bí ó bá jẹ́ pé òkè òkun ni kọ̀ǹpútà tí ń pín ìwé náà wà. Àwọn kan ń lo sátẹ́láìtì, bí irú Starlink tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ohun tí sátẹ́láìtì bá gbé, ó ní láti balẹ̀ sí ibùdó kan, kí ó sì wọ inú okùn.

Ènìyàn ni ó sì fi àwọn okùn wọ̀nyí síbẹ̀. Ní ọdún 2002 ni SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. NITEL, ilé iṣẹ́ ìjọba ìgbà náà, ni ó di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mú ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́n bí ojú. Ní ọdún 2010 ni okùn MainOne dé láti ilẹ̀ Portugal sí Èkó, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Obìnrin Yorùbá kan, Funke Opeke, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé, ó rí àìní ilé, ó sì wá owó àti ènìyàn jọ láti pèsè fún un. Ní ọdún 2022, okùn Equiano tí Google ni gòkè ní Èkó pẹ̀lú. Okùn yìí kò sí lára àwọn tí ó já ní Ramadan 1445, ó sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Nàìjíríà tètè mí. Ẹni tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ọ̀nà náà bá dí, ó di ará ilé.

Ní ilẹ̀ Kúárà, ìjọba ìpínlẹ̀ dín owó tí àwọn tí ó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ri okùn ń san kù sí náírà kan fún kìlómítà kan ní ọdún 2020. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà ṣí yàtọ̀ sí kí ọ̀nà pẹ́. Àwọn tí ń la títì a fi katakata wú okùn láìbéèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn olè a gé e nítorí wọ́n rò pé bàbà ni, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ni, kò sì sí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2024, Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ àwọn ohun èlò wọ̀nyí di ohun tí òfin ń dáàbò bò. Mùsùlùmí kò yẹ kí ó dúró de òfin kí ó tó mọ èyí. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ àwọn ìjọ rẹ̀ pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ọ̀nà ni okùn yìí náà. Owó ìtọ́jú aláìsàn ń gba ibẹ̀ kọjá, èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ibẹ̀, ọ̀rọ̀ wáàsí náà ń gba ibẹ̀.

ẸNI ÀÌMỌ̀ TÍ WỌ́N FI KỌ́KỌ́RỌ́ LÉ LỌ́WỌ́

Ọ̀nà ni okùn; ẹrù tí ó ń gba ọ̀nà náà ni ọ̀rọ̀ kejì dá lé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún Ramadan kan náà, tí í ṣe ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, ni àṣírí kan tú. Kò mú ariwo púpọ̀ dání ní ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti okùn tí ó já lọ.

Sọ́fítíwìà ni àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀lé. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe irú ìlànà ẹlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀, algorithm, ara orúkọ Mùsùlùmí kan ni ó ti jáde: Muhammad ọmọ Musa Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tí ó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní àsìkò Kálífà Al-Ma'mun, ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Bí ó ti wù kí ẹ̀rọ yára tó, ọwọ́ ènìyàn ni àṣẹ rẹ̀ ti wá. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ṣìṣe, ẹ̀rọ yóò ṣìṣe. Bí ó bá purọ́, ẹ̀rọ yóò bá a purọ́.

Àwọn tí ń kọ sọ́fítíwìà kì í sì dá gbogbo rẹ̀ kọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́lé ti ń ra búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú apá tí ẹlòmíràn ti kọ, tí wọ́n ń tò ó mọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn apá wọ̀nyí ni wọ́n kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n gbé síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni XZ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fún àkọsílẹ̀ ńlá pọ̀ kí ó lè gba àyè kékeré. Lasse Collin, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Finland, ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó. Àìmọye kọ̀ǹpútà ní àgbáyé ni ó ń lò ó, tí àwọn tí ó ni wọ́n kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní ọdún 2021, ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó ní sùúrù, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ń kọ̀wé sí Collin pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀, kí ó fa ẹlòmíràn mọ́ra. Níkẹyìn, Jia Tan di alábòójútó pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ẹni yìí fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan pamọ́ sínú ẹ̀dà tuntun méjì, 5.6.0 àti 5.6.1, kí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà olókùn-ọ̀nà-jíjìn láìgba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kí ó féni lójú ni ó fi ata sẹ́nu.

Ẹni tí Ọlọ́hun fi tú àṣírí náà ni Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft. Kì í ṣe ọlọ́pàá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà kan fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Àkókò kékeré ni. Ẹlòmíràn ì bá ní bí ẹ̀rọ ti ń ṣe nìyẹn. Freund kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá títí ó fi dé inú XZ, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilẹ̀kùn náà kò tíì wọ inú àwọn ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ẹni tí ń jẹ́ Jia Tan, kò sí ẹni tí ó rí ojú rẹ̀.

ÌLÀNÀ ÀWỌN ONÍMỌ̀ HÁDÍÌSÌ

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ọmọ ilé kéú. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ hádíìsì ti dojú kọ irú ìṣòro yìí: ọ̀rọ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kún un? Wọ́n gbé òṣùwọ̀n méjì kalẹ̀. Èkínní ni sanad, ẹ̀wọ̀n àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n béèrè orúkọ olúkúlùkù, ìlú rẹ̀, ìgbà ayé rẹ̀, àti ẹni tí ó ti kọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ olódodo ènìyàn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ mú dáadáa; ọ̀kan kò tó láìsí èkejì. Ẹni tí wọn kò bá mọ irú ẹni tí ó jẹ́, majhuul ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan gbé ẹ̀sìn ró. Òṣùwọ̀n kejì ni matn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ dán, wọ́n tún yẹ inú rẹ̀ wò bóyá àbùkù fara pamọ́ síbẹ̀.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀ràn XZ, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Jia Tan mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n majhuul ni. Àwọn tí ó gbà á gbọ́ wo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, wọn kò béèrè ẹni tí ó jẹ́. Freund ní tirẹ̀ wo matn, ó rí àbùkù tí ó kéré tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kò sì fojú fò ó. Kì í ṣe pé kí ènìyàn máa fura sí gbogbo àlejò; àìmọye àlejò ni ó ń fi iṣẹ́ rere tún sọ́fítíwìà ayé ṣe. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ ilé kò yẹ kí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò sí ẹni tí yóò jẹ́rìí rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ mú èyí wá sí ilé. Kí ó tó gba áàpù sórí fóònù, kí ó béèrè ẹni tí ó ṣe é àti ibi tí ó ti wá, pàápàá áàpù tí ń yá ènìyàn lówó tí ó sì ń béèrè orúkọ gbogbo ará àti ọ̀rẹ́ tí ó wà nínú fóònù. Kí ó tó fi hádíìsì tàbí ìròyìn ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn lórí WhatsApp, kí ó béèrè ìwé tí ó ti jáde. Àwọn kan ti fi irú àníyàn yìí ṣiṣẹ́ rere. Nígbà tí ẹ̀dà Alùkùránì tí àṣìṣe wà nínú wọn ń káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Tanzil bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ Alùkùránì wò léraléra láti pèsè ẹ̀dà tí ó pé fún àwọn tí ń kọ sọ́fítíwìà. Iṣẹ́ ẹ̀sìn ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ni.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

Èrò kẹta ni ó burú jù, nítorí òun ni ó ń ba ọjọ́ ọ̀la ọ̀dọ́ jẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó rò pé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ju jìbìtì lọ ti pàdánù ní ayé kí ó tó pàdánù ní ọ̀run. Owó Yahoo, owó haraamu ni. Kò sí sàráà tí ó lè fọ̀ ọ́ mọ́, kò sì sí mọ́sálásí tí ó yẹ kí ó fi í kọ́ òrùlé. Àwọn àgbà tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ibi tí ó ti wá ní ìpín tiwọn nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nínú ìmọ̀ pàápàá, oníjìbìtì kò mọ nǹkan kan: orí okùn tí ẹlòmíràn rì ni ó dúró sí, sọ́fítíwìà tí ẹlòmíràn kọ ni ó ń lò, kò sì ní fi bíríkì kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 2015, ọ̀dọ́ méjì, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó kí àwọn oníṣòwò lè máa gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà. Ní ọdún 2020, Stripe, ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, rà á. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí ọ̀dọ́ kò bá sì sí nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò ní rántí tirẹ̀. Ẹ wo àwọn lẹ́tà Yorùbá. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, "ẹ" ní àyè tirẹ̀, "é" náà ní, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní àyè kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n ń so àmì mọ́ lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí àmì ohùn fi máa ń ṣí kúrò nípò nínú àwọn ìwé kan. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àìjókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣètò sì ni àìrí àyè fún ọ̀rọ̀ ẹni.

Nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ìgbómìnà mú lọ sílé. Kí ó wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Kí ó ṣọ́ ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe okùn ẹ̀bá títì tàbí ọ̀rọ̀ tí ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kí ó sì kọ́ iṣẹ́ náà: kí ó má ṣe sá fún ìṣirò ní ilé ìwé, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹgbẹ́ sì ya àkókò kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìrun fún ẹ̀kọ́ yìí, pàápàá ní àkókò ìsinmi ilé ìwé. Kọ̀ǹpútà kan tí ènìyàn márùn-ún ń fi sùúrù pín lò sàn ju fóònù márùn-ún tí wọ́n fi ń wo ìranù lọ.

Kò sí ẹni tí ó mọ àwọn tí ó gbẹ́ òkúta Ẹ̀sìẹ́. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ìran tí ń bọ̀ béèrè ẹni tí ó kọ́ ayé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, kí wọ́n má rí orúkọ ọmọ Mùsùlùmí Ìgbómìnà kan níbẹ̀. Kí Ó fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ tí ń ṣàǹfààní, kí Ó pa ahọ́n wọn mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àìmọ̀, kí Ó sì fi halaali tó wọn. Aamiin.

Wa billaahi tawfiiq.